Fadérera Ò Gba Panumọ́

"Méje," ni ẹ̀gbà ọwọ́ Fadérera wí. "Ọjọ́ kẹta rèé."

Fadérera ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Orí òkè ló wà, níbi àwọ̀n ìrì kọkànlá, kùrukùru òwúrọ̀ sì ń kọjá lára rẹ̀ bí èéfín igi tútù. Eyín ló fi di okùn mú, nítorí pé àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe é pa dé láti ìgbà tó ti jí. Kókó kan ṣoṣo ló kù kó ta kí ihò inú àwọ̀n náà dí. Bí kò bá dí, omi tó yẹ kó ṣàn lọ sí àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àpáta á kàn máa ro sórí òkúta lásán ni. Láti ìgbà tí odò ti gbẹ, ìrì ni gbogbo ìlú ń mu.

"Méje," ni ẹ̀gbà náà tún wí. Ohùn obìnrin onísùúrù ló ní, ìrora ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sì ń fi nọ́ńbà kà. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. A ti rán agbéni sí yín."

"Jẹ́ kí n ta kókó yìí ná," ni Fadérera dá a lóhùn, àfi bí ẹni pé irin ń gba ẹ̀bẹ̀.

Kò tíì ta á tán tó fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ agbéni lórí àtẹ̀gùn, kó, kó, kó, kó. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, ó ga tó ọmọ màlúù, àga onítìmùtìmù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé iwájú Fadérera, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Kò sí ará Òkè-Ìrì tí kò mọ ìtumọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Òfin Ìtura ti wà, kò sí àgbàlagbà kan tí agbéni kúnlẹ̀ fún tó tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Fadérera wo àga náà, ó sì wo àtẹ̀gùn. Ẹni ọdún méjìdínláàdọ́rin ni. Àtẹ̀gùn òkè náà jẹ́ òjìlélúgba, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata ra á, ìbàdí rẹ̀ ọ̀tún sì ń gún un láti inú wá. Ká má purọ́, àga náà wù ú.

"Màá fẹsẹ̀ rìn," ni ó wí.

"Òfin kò gbà pé—"

"Mo ní màá fẹsẹ̀ rìn. Máa tẹ̀ lé mi bọ̀."

Agbéni dìde, ó sì tẹ̀ lé e.

Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti dúró dè é nísàlẹ̀ òkè. Ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Ìtura ni Ìbídùn ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ̀gbà ọwọ́ gbogbo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nílùú bá sọ, orí dígí tó wà níwájú rẹ̀ ló ń jáde sí. Láti ìjẹta ló ti ń wo méje ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹsẹ̀ lẹ fi sọ̀ kalẹ̀? Pẹ̀lú agbéni lẹ́yìn yín?"

"Ìwọ náà ṣáà rí mi."

"Kí lẹ tún ń fẹ́ ju kí ìrora yìí tán lọ?" Ìbídùn dí i lọ́nà. "Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Láràárọ̀ tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn tí ẹ ń bá bọ́tìnnì búláòsì yín jà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń wà. Mo ń gbọ́ yín tí ẹ ń sunkún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń ki Panumọ́ sí ènìyàn lọ́rùn, Màámi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Fadérera kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ òun. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ bá ìgbìmọ̀ yín."

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tókun ni olórí Ìgbìmọ̀ Ìtura. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga fún Fadérera, ó sì fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Àwo kékeré kan wà lórí tábìlì. Nínú àwo náà ni Panumọ́ wà, ohun funfun kan tí kò ju ẹ̀gúsí kan lọ.

"Tí èyí bá ti wọ ẹ̀yìn ọrùn yín, Màmá," ni Ọdẹ́tókun wí, "kò sí ìrora tó máa lè kọjá níbẹ̀ lọ sí orí yín mọ́ láéláé. Ẹ máa sùn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín."

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

Ọdẹ́tókun tan dígí ara ògiri. Egungun ìbàdí Fadérera yọ sí i, ihò wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀ bíi kànrìnkàn. "Ẹ wò ó. Làkúrègbé ti jẹ oríkèé yín, egungun yín náà sì ti ń fẹ́lẹ́. Egungun tó bá rí báyìí, tí ẹni tó ni ín kò sì gbọ́ ìrora mọ́, ó lè ṣẹ́ kí ó má mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba Panumọ́ kì í fi í rìn mọ́. Agbéni ni á máa gbé yín, Ilé Ìtura ni ẹ ó máa gbé. Wọ́n á máa tọ́jú yín bí ẹyin."

Fadérera mọ Ilé Ìtura dáadáa. Ibẹ̀ ni Àìná wà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ki Panumọ́ sí Àìná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bọ́ sílẹ̀ lórí agbéni rẹ̀ kó lè ṣa àwọn aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọjọ́ méjì ló fi ń yọ́ dìde, tó ń tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Fadérera ló wá kí i tó rí i pé egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ti awọ jáde. "Àìná, ẹsẹ̀ rẹ!" ló ké. Àìná bojú wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo bàtà tí àlejò gbàgbé síbẹ̀. Bí ó ṣe wò ó yẹn ni kò kúrò lójú Fadérera títí di òní.

"Kí ni òfin sọ nípa ẹni tí kò bá fẹ́?" ni ó bèèrè.

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò tíì bèèrè rí. Ọdẹ́tókun yíjú sí Ìbídùn, nítorí pé òun ni ìwé òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbídùn ì bá ti ní kò sí. Ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ìyá rẹ̀ gba Panumọ́ lọ́jọ́ náà, kí òun náà má sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́. Ó fi ìka wá ojú ìwé náà lórí dígí.

"Ó wà níbẹ̀," ni ó wí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ẹni tí kò bá fẹ́, kí wọ́n fún un ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lọ́jọ́ tó bá pé, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè, kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ̀gbà bá dé méje tí nọ́ńbà náà kò sì wálẹ̀ títí ìṣẹ́jú márùn-ún fi pé, kí agbéni gbé e, kí ó sì gba Panumọ́ lọ́jọ́ náà gan-an."

"Mo bèèrè fún un," ni Fadérera wí.

Ọdẹ́tókun mí kanlẹ̀. Kò bínú. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Jẹjẹrẹ inú egungun ló pa ìyá tó bí mi. Ó ké fún oṣù mẹ́rin, a ò sì ní ohunkóhun láti fún un. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mo ti pinnu pé bí mo bá dàgbà, ẹnì kan kò ní ké bẹ́ẹ̀ mọ́ nílùú yìí. Kí lẹ fẹ́ fi ìrora ṣe?"

"Mi ò fẹ́ ìrora o. Ta ló fẹ́ ẹ? Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́."

Àìná rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́. Orí agbéni ló jókòó sí nínú ọgbà Ilé Ìtura, aṣọ funfun báláú lọ́rùn rẹ̀.

"Ìwọ Fadérera yìí! O wá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọdẹ́tókun?"

"Mo sọ ọ́. Ẹ̀rù sì ti ń bà mí láti ìgbà náà. Àìná, mi ò lè gun òkè yẹn láìdé méje. Mo ń jí pẹ̀lú méje ni."

Kí àwọn ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù eegun ni Àìná ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó na ọwọ́, ó di ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbà yẹn ń ka ìrora," ni ó wí, "kò sì mọ ohun tó fà á. Mo rí i ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò bá sùn dáadáa, oríkèé rẹ̀ á máa dùn ún ju ti àná lọ. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, bákan náà. Ẹni tó bá tún jókòó pa nítorí pé ó ń dùn ún, iṣan ara rẹ̀ á dẹ̀, oríkèé nìkan á wá máa dá ẹrù gbé. Ṣé o ń lo oògùn egungun tí wọ́n fún ọ?"

"Inú ló ń ta mí tí mo bá lò ó."

"Orí ìjókòó lo ti ń lò ó tàbí orí ibùsùn?"

"Orí ibùsùn."

"Ehn! Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀, kí o tó jẹ ohunkóhun. Fi omi tó kún ife lò ó, kí o sì wà ní ìdúró tàbí kí o jókòó gangan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Má dùbúlẹ̀. Bí inú bá ṣì ń ta ọ́, padà sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́la wá bá mi níbí. Wọ aṣọ tí kò fún ọ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọwọ́ Fadérera tó kan ohunkóhun láàárọ̀, inú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kọ́kọ́ máa ń wà, á máa pa á dé, á máa ṣí i, títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà yóò jókòó sórí àga, yóò dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, yóò tún jókòó. Lọ́jọ́ kìíní ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣépè fún Àìná. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta fi pé ó ti di ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ó ń jẹ ẹja kéékèèké teegunteegun, ó ń jẹ wàrà, ó sì ń jókòó sínú oòrùn òwúrọ̀ tí kì í rí tẹ́lẹ̀ nítorí kùrukùru. Àìná ní kó máa fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú nítorí pé ìbàdí ọ̀tún ló ń dùn ún. Fadérera jiyàn, ó ní ọwọ́ ọ̀tún ló bọ́gbọ́n mu. Ó gbìyànjú méjèèjì. Kò jiyàn mọ́. Abẹ́rẹ́ tó fi ń ta àwọ̀n, Àìná ní kó we rọ́bà mọ́ ọn lára títí yóò fi ki bí ìṣù àgbàdo, kí ìka má bàa máa fún un jù. Èyí tó ṣòro jù ni ìsinmi. "Sinmi kí ó tó dùn ọ́," ni Àìná ń wí lójoojúmọ́. "Bí o bá dúró dìgbà tó bá dùn ọ́, o ti pẹ́."

Fadérera gbọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógójì, ó jí, ẹ̀gbà rẹ̀ sì ní, "Mẹ́ta." Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti gbọ́ mẹ́ta kẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gba ìdí òkè lọ, ó sì gun àtẹ̀gùn ọgọ́jọ láìdúró, bí ọmọge. Ní ọjọ́ kejì kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ibùsùn. "Mẹ́jọ," ni ẹ̀gbà wí. Mẹ́jọ ní ọjọ́ kẹta, mẹ́jọ ní ọjọ́ kẹrin. Ó dojú kọ ògiri, ó sì ń ronú nípa ẹ̀gúsí funfun inú àwo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ló tiẹ̀ ń bá jà gan-an? Àwọn tó wà ní Ilé Ìtura ń jẹ, wọ́n ń mu, wọn ò ké.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

"Màámi, ṣé kí n wọlé?"

Ó fẹ́ ní rárá, bó ṣe máa ń sọ. "Wọlé," ni ó wí.

Ìbídùn wọlé pẹ̀lú abọ́ omi gbígbóná àti táwẹ́ẹ̀lì. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì náà we orúnkún ìyá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó de bọ́tìnnì búláòsì rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, Fadérera sì jẹ́ kó ṣe é. Nígbà tó ṣe tán, ó mú dígí kékeré kan jáde nínú àpò.

"Mo mọ̀ pé mi ò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí," ni ó wí. "Àmọ́ iṣẹ́ mi ni kí n máa wo nọ́ńbà, mo sì ti ń wo tiyín. Ẹ wo ibí yìí. Ọjọ́ tí ẹ bá rìn díẹ̀ tí ẹ sinmi, tí ẹ tún rìn díẹ̀, ọjọ́ kejì rẹ̀ mẹ́rin ni, tàbí mẹ́ta. Ọjọ́ tí ẹ bá fi agídí ṣe é, ẹ wò ó bó ṣe fò sókè. Ọjọ́ tí ẹ ò bá sì rìn rárá, òun náà ń gòkè. Kì í ṣe pé ara yín ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, Màámi. Ó níye tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan ni. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ọgbọ̀n àtẹ̀gùn. Ọgbọ̀n, kí ẹ dúró. Ọgbọ̀n mìíràn."

Fadérera wo dígí náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìgbà wo lo ti ń ṣe èyí?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti ka òfin yẹn jáde." Ìbídùn nu ojú rẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé ẹ máa gun òkè náà dandan, ẹ ò ní dá a gùn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, Fadérera tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ọjọ́ pé, gbogbo ìlú ló tú jáde sí ìdí òkè. Wọ́n kó àwọn ará Ilé Ìtura náà wá lórí agbéni wọn, Àìná ló wà níwájú. Wọ́n gbé dígí ńlá kan ró sídìí àpáta, kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè máa rí òkè.

Fadérera wọ bàtà rọ́bà, ó mú ọ̀pá sí ọwọ́ òsì, ó so abẹ́rẹ́ mọ́ ìbàdí. Ìbídùn àti Ọdẹ́tókun tẹ̀ lé e, agbéni sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọgbọ̀n àtẹ̀gùn. Ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ti òkúta, ó mí nígbà ogún.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́!" ni ẹnì kan ké nísàlẹ̀.

"Kò rẹ̀ ẹ́, òpè!" ni ohùn Àìná dá a lóhùn. "Ó ń sinmi kó má bàa rẹ̀ ẹ́!"

Ọgbọ̀n mìíràn, ó dúró. Ọgbọ̀n mìíràn. Ẹsẹ̀ òsì tó lágbára ló ń kọ́kọ́ gbé sókè, ó ń fa ọ̀tún tẹ̀ lé e. "Mẹ́rin," ni ẹ̀gbà wí. "Mẹ́rin." Nígbà tí wọ́n dé ọgọ́sàn-án, Ọdẹ́tókun ló ń mí bí ẹni tí wọ́n lé, Fadérera sì bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ sinmi, ọ̀gá." Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín.

Àtẹ̀gùn igba ó lé márùn-ún ni ọ̀rinrin ti mú kó yọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Fadérera yẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì mì tìtì. Ọ̀pá ló gbà á. "Mẹ́fà," ni ẹ̀gbà wí. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó tún ń gòkè.

Ó dé orí òkè. Atẹ́gùn ti fa àwọ̀n kọkànlá ya láti òkè dé àárín, ihò náà fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Kókó mẹ́rìnlá ló máa gbà. Ó jókòó tì í, ó ta ọ̀kan, ó ta méjì, ó ta márùn-ún. Okùn náà tutù bíi yìnyín. Ní kókó keje, ìka rẹ̀ kọ̀.

"Méje," ni ẹ̀gbà wí.

Agbéni kúnlẹ̀. Lójú dígí Ìbídùn, ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

Fadérera fi ipá fa okùn náà. Ẹ̀rù ń bà á. "Mẹ́jọ," ni ẹ̀gbà wí, ìṣẹ́jú kan sì ti lọ.

Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ohun tó ń ṣe ìka rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró rẹ̀, níbi tó so àpò ìrẹsì kan mọ́ ikùn, tí Ìbídùn ti yan gbígbóná ní ìdí òkè. Ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ó mí sínú, ó tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó sí àyà rẹ̀.

"Ọdẹ́tókun," ni ó pè é, kò tún pè é lọ́gàá. "Wá jókòó, ọmọ mi. Sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ fún mi. Má sọ ti àìsàn. Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?"

Ẹnu ya Ọdẹ́tókun. Ó jókòó sórí òkúta tútù náà pẹ̀lú agbádá rẹ̀. "Ó... ó fẹ́ràn àwọn ewúrẹ́ rẹ̀," ni ó wí. "Ó sọ gbogbo wọn lórúkọ àwọn ìyàwó ilé. Tó bá ń bá ọ̀kan wí, ìyàwó tó ń jẹ́ orúkọ náà á sáré jáde láti inú ilé, á ní, 'Kí ni mo ṣe, Màmá?' Ìyá mi á ní, 'Ìwọ kọ́ o, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni.' Ọjọ́ kan bàbá mi wá ra òbúkọ kan—"

"Kó má jẹ́ pé orúkọ bàbá rẹ ló sọ ọ́."

"Orúkọ bàbá mi ló sọ ọ́!"

Ẹ̀rín pa Fadérera. Ẹ̀rín pa á títí ikùn rẹ̀ fi ń mì lábẹ́ àpò ìrẹsì, Ọdẹ́tókun náà sì ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní òun kò rántí ìyẹn láti ọdún tó ti pẹ́, pé igbe nìkan lòun ń rántí.

"Méje," ni ẹ̀gbà wí.

"Ìṣẹ́jú kan ló kù," ni Ìbídùn wí. "Màámi. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. Ogún."

Fadérera kò wo ẹ̀gbà. Ó ń la ìka rẹ̀, ó ń pa á dé nínú ooru, ó sì ń bi Ọdẹ́tókun léèrè ohun tí bàbá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́.

"Mẹ́fà."

Ìbídùn pariwo. Ariwo tó ti ìsàlẹ̀ dá a lóhùn mi àwọ̀n. Agbéni dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Fadérera mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ta kókó keje tán, ó ta ìkẹjọ, ó sinmi, ó ta ìkẹsàn-án. Nígbà tó fa ìkẹrìnlá le, kùrukùru wọ inú àwọ̀n náà, ìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó ń kán, ó di okùn omi tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Àpáta. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, ọgbọ̀n, ọgbọ̀n. Omi náà ń sọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó tó dé ilẹ̀, àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀-Àpáta ti ń bomi yẹn wọ́n ara wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fi jókòó. Ọdẹ́tókun fúnra rẹ̀ ló ka òfin tuntun jáde nínú ọgbà Ilé Ìtura. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ Panumọ́ yóò rí i gbà, ó sì ní wọ́n lè dín in kù dé ibi tí ẹni náà bá fẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n máa fi dandan ki í sí lọ́rùn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, ìlú yóò yan ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń rìn.

"Ẹ má fọwọ́ kan tèmi o!" ni bàbá àgbàlagbà kan tí àrùn wà nínú egungun rẹ̀ wí kíá. "Mo gbádùn rẹ̀ bó ṣe wà."

"Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án, Bàbá," ni Ọdẹ́tókun dá a lóhùn.

"Ẹ dín tèmi kù," ni Àìná wí.

Gbogbo ọgbà yíjú sí i. Ìbídùn ló gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń dín Panumọ́ kù sí i lẹ́yìn ọrùn, nítorí pé Àìná ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Fadérera di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìbídùn yí i díẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó tún yí i díẹ̀ sí i.

"Yéè!" ni Àìná ké. Gbogbo wọn fò dìde.

"Ẹ máa bínú, ẹ jẹ́ kí n dá a padà—"

"O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án!" Àìná ti tẹ ara síwájú lórí agbéni rẹ̀, ó ń na ìka sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́ nígbà kan, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta. "Ó ń dùn mí! Fadérera, ó ń dùn mí níbí yìí, níbi tó ti jinná! Ẹsẹ̀ mi rèé. Ẹsẹ̀ mi rèé o!"

"Mo rí i," ni Fadérera wí. "Rọra. Gbé ara lé mi."

Àìná gbé ara lé e. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí agbéni, ó dúró, ó ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó dúró, ó sì wo gbogbo àwọn tó jókòó yí ọgbà ká.

"Ẹ wá," ni ó wí fún wọn, pẹ̀lú ohùn tó fi ń darí wọ́ọ̀dù nígbà náà. "Ta ló kàn?"

Ọwọ́ kan nà sókè. Ọwọ́ kejì nà sókè. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, èèyàn mọ́kànlá ló ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn nínú ọgbà Ilé Ìtura, olúkúlùkù ń ké yéè, olúkúlùkù sì ń rẹ́rìn-ín.